Bí Ọmọ Kan Ṣe Ń Di Méjì Nínú Fọ́tò

Fọ́tò kan wà tí ilé-iṣẹ́ ayàwòrán tó ń jẹ́ Simple Photo ṣe ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ọmọ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: obìnrin kan láàárín, ọkùnrin kan lápá ọ̀tún, ọkùnrin kan lápá òsì. Ìbẹta ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó níwájú kámẹ́rà. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti kú. Wọ́n kọ́kọ́ ya ọmọbìnrin tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n wá wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n tún un yà, wọ́n sì tẹ àwòrán kejì yìí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì.

Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni ní fọ́tò yíyà, wá sí Ìlá lọ́dún 1975, ó jókòó ti àwọn ayàwòrán ìlú, ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lọ́dún 1978. Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Ọdún 1990 ló jáde.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká fi ti ìbejì ṣe é, torí ó rọrùn ju ti ìbẹta lọ. Ayàwòrán á ta aṣọ tí kò ní bátànì sẹ́yìn, á gbé ọmọ tó kù jókòó, á yà á. Bó bá wọ dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, á ki nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tó fi yà á, bọ ènlájà, ẹ̀rọ tó ń tan iná gba inú nẹ́gátíìfù kọjá sórí bébà fọ́tò. Á fi páálí bo ìdajì bébà náà, á tanná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á pa á. Á wá gbé páálí bo ìdajì tó ti gba iná, á sún bébà kí ọmọ náà lè bọ́ sórí ìdajì kejì, á tún tanná. Títí di àsìkò yìí, bébà ṣì funfun báláú. Ìgbà tó bá rì í sínú omi kẹ́míkà ni ọmọ méjì á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, àpótí kan náà lábẹ́ wọn, ọwọ́ kan náà lórí eékún.

Ibi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí páálí bá lẹ̀ mọ́ bébà, ìlà gbọọrọ á hàn láàárín. Bí ayàwòrán bá gbé e sókè díẹ̀, tó ń mì í bí iná ṣe ń tàn, ìlà yẹn á rọ̀, ojú kò ní tètè rí i. Bí iná bá pẹ́ lórí ìdajì kan ju èkejì lọ, ọmọ kan á dúdú ju ìkejì rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni ìbejì, nẹ́gátíìfù méjì ni, kámẹ́rà ò sì gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí wọ́n á fi yà wọ́n tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Táyé á tóbi ju Kẹ́hìndé lọ.

Kí ni wọ́n ń fi fọ́tò yìí ṣe? Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí á gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa kun ún lósùn, á máa fún un lóúnjẹ. Ìlá sì kúrò ní ìlú tí wọ́n ń kọ́ ní ère gbígbẹ́: ibẹ̀ ni wọ́n ti bí agbẹ́gilére Lamidi Fákẹ́yẹ. Nígbà tí ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti ìgbàgbọ́ gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ò fẹ́ gbẹ́ ère mọ́, àmọ́ wọn ò fẹ́ kí ọmọ tó lọ di ìgbàgbé. Fọ́tò gba ipò ère.

Ẹ wo ère ìbejì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó lè má tíì rìn ló kú, àmọ́ àgbàlagbà ni wọ́n gbẹ́: ó lọ́mú, ó dirun, ó ní ilà lójú. N kò tíì gbọ́ ẹni tó sọ pé agbẹ́gilére parọ́. Gbogbo ilé ló mọ iye ọmọ tó wà láàyè. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ fọ́tò ojúlówó àti ayédèrú ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nìyí: ta ni fọ́tò náà ń bá sọ̀rọ̀, kí ló sì fi dá a lójú?

Ìṣe yìí kò ṣàjèjì sí àwọn òyìnbó. Lọ́dún 1857, Oscar Rejlander fi nẹ́gátíìfù tó lé ní 30 ṣe fọ́tò kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1858, Henry Peach Robinson fi márùn-ún ṣe ti ọmọbìnrin kan tó ń kú lọ. Ariwo sọ lórí méjèèjì.

Kọ̀ǹpútà kò mú iṣẹ́ tuntun wá tó bí a ṣe rò. Ohun tí páálí ń ṣe ní dákúrúùmù náà ni àwọn tó ń lo Photoshop ń ṣe bí wọ́n bá bo apá kan àwòrán kí wọ́n lè fọwọ́ kan ìyókù. Kódà, kámẹ́rà ìgbàlódé fúnra rẹ̀ ń ṣírò kó tó fún wa ní nǹkan. Ojú kéékèèké tó wà nínú rẹ̀, àwọ̀ kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí nínú pupa, ewé àti búlúù. Ẹ̀rọ ló ń fojú díwọ̀n méjì tó kù. Fọ́tò tí fóònù yà lálẹ́ sábà máa ń jẹ́ àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀ fọ́tò. Ẹni tó bá ní “wọn ò fọwọ́ kan eléyìí rárá” kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Ìlérí ló ya fọ́tò sọ́tọ̀. Fọ́tò ìròyìn ṣèlérí pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi bínú nígbà tí National Geographic sún pírámíìdì Íjíbítì mọ́ra lójú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1982, kó lè gba ojú ìwé náà. Ìdí yẹn náà ni ìdíje World Press Photo fi ń béèrè fáìlì àtilẹ̀wá lọ́wọ́ ayàwòrán. Pósítà ìsìnkú ò ṣerú ìlérí yẹn. Wọ́n á yọ bàbá kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó, wọ́n á wọ agbádá fún un, wọ́n á fi òfuurufú sẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bínú, àfi tí oníṣẹ́ bá gbàgbé ìka ọwọ́ ẹlòmíì sí èjìká bàbá. Mo sì máa ń wò ó, torí wọ́n máa ń gbàgbé.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ fọ́tò wò, ẹ wo òjìji: ṣé ìhà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣubú sí? Ẹ wo etí, etí fìlà, àárín ìka àti irun, ibẹ̀ ló ṣòro gé. Ẹ béèrè fáìlì àkọ́kọ́, torí WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ àti orúkọ kámẹ́rà kúrò bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà fi ránṣẹ́.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ti AI, ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá àwòrán. Lọ́dún 2023, Boris Eldagsen, ọmọ Jámánì, gba ẹ̀bùn nínú ìdíje Sony World Photography pẹ̀lú àwòrán obìnrin méjì, ó sì kọ ẹ̀bùn náà, ó ní AI ló ṣe é. Kò sí obìnrin kankan tó jókòó. Irú ẹ̀rọ yẹn náà ni àwọn ọmọ wa fi ń tún fọ́tò ìyá àgbà tó ti ya ṣe. Níbi tí ojú ti ya kúrò, ẹ̀rọ ò mọ ojú ìyá. Á wá ojú kan fi síbẹ̀, á sì dán. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ ya ẹ̀dà ti àtijọ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú yíya rẹ̀, kí ẹ fi í pamọ́ ní orúkọ ọ̀tọ̀, kí ẹ tó gbé òmíràn fún ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kí WhatsApp má bàa yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀.