Àlejò Tí Kò Mọ Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Bí a bá ti dárúkọ ogunléndé, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni àgọ́ tapólì ní ibì kan tó jìnnà réré. Olùkọ́ ni mí ní Festac, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà sì ṣe rò ó títí di ọdún tó kọjá. N kò mọ̀ pé ọmọ ogunléndé kan ń jókòó ní ìlà kejì nínú kíláàsì mi, tó ń ṣe ìṣirò ju àwọn ọmọ onílé lọ.

Kamẹrúùnù ni wọ́n ti wá. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2016 ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, tó sì di ogun lọ́dún 2017, ló lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sọdá sí ìpínlẹ̀ Cross River àti Benue. Lọ́dún 2018 wọ́n tẹ́ púpọ̀ nínú wọn dó sí Adagom lẹ́bàá Ogoja. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló dúró síbẹ̀. Ìyá ọmọ yìí ní Èkó ni òun yóò ti rí jẹ, ó sì ń din dòdò tà ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Agboju. Ìyá Kamẹrúùnù ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ náà kò wá sílé ìwé. Ọjọ́rú, kò wá. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo yà lọ́dọ̀ wọn. Yàrá kan ṣoṣo ni, ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń sùn níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, ni mo bá lórí ẹní: ara rẹ̀ ń jó bí iná, ojú rẹ̀ pọ́n, ikọ́ kò jẹ́ kó sinmi, ara rẹ̀ sì sú láti ojú títí dé àyà. Ẹ̀yin ìyá ti mọ̀ ọ́n: èéyi ni.

Mo ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn?”

Ó ní, “Tíṣà, mo gbé e lọ. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san owó kí wọ́n tó wò ó. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn yóò bèèrè ìwé ìgbélùú, mo bá gbé ọmọ mi padà.”

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ló ń wí. N kò ní dárúkọ wọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ilé ìwòsàn alábọ́dé ti ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ra dòdò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà kò sọ fún un.

Ètò ìlera alábọ́dé kì í ṣe ohun tuntun o. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1978, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 134 pé jọ sí ìlú Alma-Ata, ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì àtijọ́, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìtọ́jú súnmọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn, kí ará àdúgbò fúnra wọn sì lọ́wọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, jà fún un gidigidi nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera wa láti 1985 títí di 1992.

Ẹni tí ogun lé kúrò nílé nílò rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí àwọn ará Rùwáńdà sá lọ sí Goma ní 1994, nǹkan bí 50,000 ló kú láàárín oṣù kan. Kì í ṣe ìbọn ló pa púpọ̀ jù níbẹ̀: onígbáméjì àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣètò àgọ́ fi ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí omi lítà 15 lóòjọ́, ó kéré tán, kí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò kan tàbí méjì sì wà fún 1,000 ènìyàn.

Àgọ́ nìyẹn. Nígbà tí ogun Làìbéríà lé àwọn ènìyàn wá sí Oru nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ní 1990, ẹni tó bá ń wá wọn mọ ibi tí yóò gbà. Ní Amuwo-Odofin, ta ni yóò ka ẹni tó háyà ìdajì yàrá lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn? Bẹ́ẹ̀ inú ìlú ni ju ìdajì àwọn ogunléndé ayé ń gbé lónìí, kì í ṣe inú àgọ́.

Ẹni tó bá sì ní kí ló kàn wá, kí ó lọ bèèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò. Lóṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde, àwọn oníṣòwò Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ìyá mi àgbà wọ lọ́rì ní Kumasi pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Méjì ló bá a délé. Ìgbẹ́ gbuuru ni, lójú ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé ọmọ Ìyá Kamẹrúùnù lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé náà. Nọ́ọ̀sì kò bèèrè ìwé kankan. Ó fún un ní fítámì A lọ́jọ́ náà, ó tún fún un lọ́jọ́ kejì, ó sì kọ́ ìyá rẹ̀ bí yóò ṣe máa fún un lómi àti oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi: “Tíṣà, ọmọdé mélòó ló wà nínú ilé yẹn?” N kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ gbé àpótí abẹ́rẹ́ wá. Ọmọ mọ́kànlá la kà, méje kò ní káàdì. Lẹ́yìn tó gún wọn tán, ó ní kí àwọn àlejò náà yan obìnrin méjì láàárín ara wọn, kí òun kọ́ wọn níṣẹ́: bí a ti ń fi téèpù wọn apá ọmọ, tó jẹ́ pé bí ó bá dé orí pupa, ilé ìwòsàn yá, bí a ti ń po omi oníyọ̀ fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí a ó sì fi síǹkì kún un fún ọjọ́ 10 sí 14, àti pé ọmọ tó ń mí gúlegúle kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Wọ́n yan Ìyá Kamẹrúùnù. Èdè wọn ló fi ń bá wọn sọ ọ́, ilẹ̀kùn tí wọn kò sì ní ṣí fún èmi tàbí nọ́ọ̀sì, wọ́n ń ṣí i fún un. (Ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀ ló ń fi agbada dòdò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí ẹnì kan máa san owó ọkọ̀ rẹ̀. “Ẹ ṣeun” kò ṣeé rà epo.)

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ rí àlejò, kí ìjọba tó rí i. Àwa olùkọ́ ló tẹ̀lé yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi òbí tuntun báyìí kí n tó bèèrè owó ìwé: “Káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ dà?”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Kamẹrúùnù kan ilẹ̀kùn kíláàsì mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó pọn ọmọ ọwọ́. Òru àná ló ti Ogoja dé. Ó ní, “Tíṣà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. A ń lọ fún ọmọ lábẹ́rẹ́.” Kí n tó rí bírò, wọ́n ti dé ẹnu géètì.