Kòtò Issaba àti Àwọn Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin, lọ sí Kétu yóò gba Sakété àti Pobẹ̀ kọjá, kò sì ní rí òkè kankan lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ pupa ló tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì. Bẹ́ẹ̀, orí òkè ló ti ń rìn láti àárọ̀. Ìgbà tó bá kúrò ní Pobẹ̀, tó kọjú sí àríwá, ló máa tó mọ̀: ọ̀nà á máa sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ pupa á di dúdú, ọ̀pẹ á máa dín kù. Ó ti wọ kòtò Issaba nìyẹn. Yóò rìn nínú rẹ̀ títí tí ọ̀nà á fi tún gòkè, tí ilẹ̀ pupa á tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ Kétu.

Gíga tí mo ń sọ yìí kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tó mọ òkè Ìdànrè. Ilẹ̀ Pobẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 100 ga ju òkun lọ, kò jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Benin pín orílẹ̀-èdè náà sí ìpínlẹ̀ 12 ní 1999, Plateau ni wọ́n sọ èyí tó kó Sakété, Pobẹ̀, Kétu, Ifangni àti Adja-Ouèrè pọ̀. Lẹ́nu Faransé, ilẹ̀ tó ga tí orí rẹ̀ tẹ́jú ni plateau. Wọ́n sọ ìpínlẹ̀ mìíràn ní Collines nítorí àwọn òkè kéékèèké tó wà níbẹ̀, Atacora sì gba orúkọ àwọn òkè tó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé orúkọ Plateau kò ka kòtò tó la àárín ìpínlẹ̀ náà kọjá sí rárá.

Báwo ni kòtò ṣe débẹ̀? Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 50 sí 60 sẹ́yìn, òkun ló bo gúúsù Benin. Ẹrẹ̀ tí omi ń gbé wá ń rọra rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi sì ń kóra jọ síbẹ̀. Ẹrẹ̀ di amọ̀, ìkarahun di òkúta ẹfun. Nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, omi tún gbé yanrìn àti amọ̀ pupa wá, ó fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ pupa yìí ni Faransé ń pè ní terre de barre. Ọ̀rọ̀ Pọtogí ló wà nídìí rẹ̀, barro, tó túmọ̀ sí amọ̀. Lẹ́yìn náà ni òjò àti odò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìbora pupa náà lọ. Níbi tó ti ṣí kúrò, omi bá amọ̀ òkun àtijọ́ nísàlẹ̀, amọ̀ náà kò sì lágbára láti dúró dè é. Ibẹ̀ jìn wọlẹ̀, ilẹ̀ pupa sì ṣẹ́ kù ní gúúsù àti ní àríwá rẹ̀.

Kòtò náà kò mọ sí Issaba. Ìlà gígùn kan ni, tó la gúúsù Benin kọjá láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Odò Couffo àti odò Ouémé gé e sí mẹ́ta: Tchi ní ìwọ̀-oòrùn, Lama láàárín, Issaba ní ìlà-oòrùn lọ́nà ibodè Nàìjíríà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó mú kí Issaba yàtọ̀ sí Sakété, kó wo amọ̀ dúdú yẹn dáadáa. Hóró rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Pẹlẹbẹ ni hóró kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò lé ara wọn bí ojú ewé inú ìwé. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, omi á wọ àárín ewé àti ewé, wọ́n á ta kúrò lára ara wọn, ilẹ̀ á wú. Ilẹ̀ tó wú á pa gbogbo ihò ara rẹ̀ dé, omi tó bá tún rọ̀ kò ní ríbi wọlẹ̀ mọ́. Orí ilẹ̀ ló máa dúró sí. Ìdí nìyí tí ọ̀nà fi máa ń di ẹrẹ̀ ní Issaba lọ́jọ́ tí ilẹ̀ Sakété ti gbẹ lẹ́yìn òjò kan náà, nítorí yanrìn inú ilẹ̀ pupa máa ń jẹ́ kí omi kọjá lọ sísàlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìdàkejì. Omi á jáde, ilẹ̀ á sún kì, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Sísán rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ibi tó ti pọ̀, apá ènìyàn lè wọ inú rẹ̀. Ìyẹ̀pẹ̀ orí ilẹ̀ á máa jábọ́ sínú ojú sísán náà. Nígbà tí òjò bá tún dé, tí ilẹ̀ fẹ́ wú padà, á bá ìyẹ̀pẹ̀ tuntun nísàlẹ̀ tó ti gba àyè rẹ̀. Kò ní ríbi lọ ju kó ti ara rẹ̀ sókè. Lọ́dọọdún ni ilẹ̀ yìí ń tú ara rẹ̀, tó ń gbé ìsàlẹ̀ wá sókè, láìsí ọkọ́, láìsí tírákítọ̀. Ó lọ́ràá. Àgbàdo inú rẹ̀ máa ń dúdú dáadáa. Àmọ́ ọjọ́ tí àgbẹ̀ lè fi ọkọ́ kàn án kò pọ̀: tó bá tutù jù, á lẹ̀ mọ́ ọkọ́, á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, tó bá gbẹ jù, ọkọ́ kò ràn án.

Ilé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ògiri tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jìn kọjá apá ilẹ̀ tó ń wú tó ń sún kì yóò lanu láàárín ọdún mélòó kan, nítorí igun ilé kan lè máa gòkè nígbà tí èkejì dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà níbẹ̀, àfi kí wọ́n kó ilẹ̀ pupa wá láti òkè, kí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ọ̀nà sókè, kí wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́kadà tó bá kó èrò lọ sí oko lẹ́yìn òjò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà tí wọ́n fi ilẹ̀ pupa kọ́ àti èyí tí wọn kò kọ́.

Àwọn Ọ̀họ̀rí, àwọn tó ń gbé inú kòtò náà, ló fi ilẹ̀ amọ̀ yìí ṣe ibùgbé, ó sì bá wọn ṣe odi. Nígbà òjò, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ kò rọrùn fún láti wọlé tọ̀ wọ́n. Faransé mọ̀ ọ́n lára láti 1914, nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ fún wọn, tí ọ̀rọ̀ sì di ìjà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó. Ilẹ̀ náà kó ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yẹn. Ọmọ ogun tó wọ bàtà, tó ru ẹrù, kò lè sáré nínú amọ̀ dúdú ní oṣù kẹfà.

Ẹ wá wo bí orúkọ àwọn ènìyàn yìí ṣe wà lórí máàpù: Holli, tàbí Hollidjè. Ọ̀họ̀rí-Ìjẹ náà ni. Ègùn àti Fọ̀n kì í lo r bí Yorùbá ṣe ń lò ó. L ló máa ń wà lẹ́nu wọn níbi tí àwa ti ń fi r. Àjàṣẹ́ ni Faransé fi ṣe olú-ìlú, èdè Ègùn sì ni èdè ìgboro níbẹ̀. Bí orúkọ Ọ̀họ̀rí ṣe gba ẹnu Ègùn kọjá ló ṣe dé inú ìwé ìjọba.

Ti Issaba tún yàtọ̀. S méjì tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá. Nínú ìwé Faransé, s kan ṣoṣo tó bá wà láàárín fáwẹ́lì méjì, z ni wọ́n máa ń kà á, nítorí náà akọ̀wé fi s kejì kún un kí ẹnikẹ́ni má bàa pè é ní Izaba. Ìlú kan ló ń jẹ́ Issaba. Àgbègbè kan lábẹ́ Pobẹ̀ náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wá mú orúkọ náà, wọ́n fi sọ gbogbo apá ìlà-oòrùn kòtò, títí kan ìlú tí kò mọ̀ pé Issaba lòun wà.

Lama, apá àárín kòtò náà, ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Ìlú kankan kọ́ ló fún un lórúkọ. Lama, ẹrẹ̀ ni lédè Pọtogí. Ọ̀nà tí àwọn òyìnbó ń gbà láti Ouidah lọ kí ọba Dahomey ní Abomey gba inú ẹrẹ̀ náà kọjá, orúkọ tí wọ́n sì fi bú ọ̀nà ló lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Orúkọ náà ni wọ́n tún fi sọ igbó Lama, tí ìjọba fi àmì sí ní 1946, tó ju hẹ́kítà 16,000 lọ. Fọ̀n ní orúkọ tiwọn fún ibẹ̀, Kó, ṣùgbọ́n Lama ló borí lórí ìwé. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí Issaba bọ́ lọ́wọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ọba ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀ tí òyìnbó ń lọ kí lọ́dọọdún.

Àwọn tó ń ya máàpù ti ṣe ju èyí lọ. Lẹ́yìn ìrìn àjò òyìnbó arìnrìn-àjò Mungo Park, James Rennell ya ọ̀wọ́ òkè gbọọrọ kan sórí máàpù ní 1798, ó pè é ní òkè Kong, ó sì nà án la Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá. Hugh Clapperton, tó gba Badagry kọjá ilẹ̀ Yorùbá dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ka àwọn òkè àpáta tó gùn lójú ọ̀nà mọ́ ara Kong. Òkè náà wà lórí máàpù fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, títí Louis-Gustave Binger, arìnrìn-àjò Faransé, fi dé ìlú Kong fúnra rẹ̀, tó sì padà sí Paris ní 1889 láti sọ pé kò sí òkè kankan níbẹ̀.

Ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé, ìdàkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ní 1958 àwọn onímọ̀ Rọ́ṣíà rí ọ̀wọ́ òkè ńlá kan tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí i títí di òní, ẹ̀rọ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì ní orúkọ: Gamburtsev, orúkọ onímọ̀ Rọ́ṣíà kan. Kò sí onílùú níbẹ̀ tí wọn ìbá bi, nítorí náà olúkúlùkù ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ní 1911 Amundsen, arìnrìn-àjò ọmọ Norway, fi òkè tó rí sọrí Maud, ayaba Norway. Òkè tó ga jù ní Antarctica, mítà 4,892, ń jẹ́ Vinson, orúkọ aṣòfin Amẹ́ríkà kan. Ilẹ̀ gígùn tó yọ síta níhà Gúúsù Amẹ́ríkà ń jẹ́ Graham lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Palmer lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, O'Higgins lọ́dọ̀ Chile, San Martín lọ́dọ̀ Ajẹntínà. Ó di 1964 kí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tó gbà láti máa pè é ní orúkọ kan náà.

Issaba ní onílùú, wọ́n sì wà nílé nígbà tí akọ̀wé dé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ pàdé ni akọ̀wé náà ti béèrè orúkọ.

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ yìí lórí máàpù lónìí, kó mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ "dépression de la Lama", ìgbà mìíràn apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kòtò náà ni wọ́n ń sọ, ti Issaba náà wà níbẹ̀. Òkúta abẹ́ rẹ̀ náà ní orúkọ tirẹ̀. Ní Onigbolo, lábẹ́ Pobẹ̀, ni wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta ẹfun tí òkun àtijọ́ fi sílẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ńtì. Benin àti Nàìjíríà ló jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òkúta yẹn kò dúró ní ibodè. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe símẹ́ńtì ní 1960, Ewékorò sì ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é lọ́hùn-ún.