Kí ni diclofenac ń ṣe nínú ara wa?

Ẹni tí orúnkún ń dùn, tó bá wọ kẹ́mísì ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ: "Ṣé kí n fún yín ní diclo?" Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dúró kí wọ́n bi wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń dárúkọ rẹ̀, bí ẹni tó ń ra Maggi. Bẹ́ẹ̀, oògùn tó yẹ kí dókítà kọ ni. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti dé ọjọ́ orí tí orúnkún ń sọ̀rọ̀ (ẹ má bínú), àwọn òbí yín sì ti kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ wo ohun tí oògùn yìí ń ṣe lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì.

Alfred Sallmann àti Rudolf Pfister ló ṣe é ní ilé iṣẹ́ Ciba-Geigy ní Switzerland, ó sì dé ọjà láàárín àwọn ọdún 1970 pẹ̀lú orúkọ Voltaren. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí làkúrègbé bá dè mọ́lẹ̀ lè máa gbé aspirin bíi méjìlá mì lóòjọ́. Ti diclofenac, mílígíráàmù 150 lóòjọ́ ni òpin rẹ̀ fún àgbàlagbà, ìyẹn oníkóró 50 mẹ́ta.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Tí oríkèé bá wú tàbí tí ẹsẹ̀ bá rọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ prostaglandin. Ẹ kà á sí ońṣẹ́. Ó ń sọ fún òpó ẹ̀jẹ̀ pé kó fẹ̀, ibẹ̀ á wá pọ́n, á gbóná, á wú. Ó tún ń jẹ́ kí àwọn iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ tètè ta gìrì, débi pé ìfọwọ́kàn lásán á máa dunni. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ońṣẹ́ yìí ni à ń pè ní COX. Diclofenac á lọ jókòó sínú COX, níbi tó yẹ kí èròjà tó fi ń ṣiṣẹ́ jókòó sí, iṣẹ́ á dúró. John Vane ló fi èyí hàn fún aspirin àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní London ní 1971. Ní 1982, òun àti àwọn ará Sweden méjì, Sune Bergström àti Bengt Samuelsson, jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ ṣàkíyèsí o: oògùn náà kò tún orúnkún ṣe. Ẹnu ońṣẹ́ ló dí.

Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé ońṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìrora nìkan. Nínú àpòlúkù, òun ló ń jẹ́ kí ara ṣe ikun tó ń bo ògiri ibẹ̀, kí omi kíkan tó ń da oúnjẹ má baà jẹ ẹran ara wa. Tí a bá dí ẹnu rẹ̀ ní orúnkún, a ti dí i níkùn náà nìyẹn. Àwọn èèyàn á ní, "Ṣebí mo ti jẹun kí n tó lò ó." Ó dáa bẹ́ẹ̀, oúnjẹ lè dín inú títa kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí kóró oògùn ti kan ikùn nìkan ni ewu wà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń gbà padà wá bá àpòlúkù. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ diclofenac náà fi lè dá ọgbẹ́ sínú, bí kò tiẹ̀ gba ẹnu kọjá. Ọgbẹ́ ọ̀hún lè má dùn rárá, torí oògùn ìrora ṣì wà lára. Ẹni náà á kàn rí i pé ìgbẹ́ òun dúdú bí ọ̀dà, tàbí kó máa rẹ̀ ẹ́ láìnídìí. Ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe kẹ́mísì. Fún ẹni tó gbọ́dọ̀ lò ó pẹ́, dókítà sábà máa ń fi omeprazole tì í. Oògùn mìíràn wà, misoprostol, tó jẹ́ prostaglandin àfọwọ́ṣe: a dá ońṣẹ́ padà fún ikùn nìyẹn (aláboyún ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn). Ẹni tó ń fi àgbo olọ́tí lé diclofenac, ewu ẹ̀jẹ̀ dídà nínú ló ń bù kún.

Kíndìnrín ńkọ́? Bí omi ara tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ bá dín kù, prostaglandin ló ń ṣílẹ̀kùn kí ẹ̀jẹ̀ lè máa wọlé. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Pakistan díẹ̀. Igún ń jẹ òkú ẹran tó ti jẹrà, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Síbẹ̀, igún ń kú lọ bẹẹrẹbẹ lágbègbè yẹn. Ní 2004, Lindsay Oaks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé diclofenac ni. Wọ́n ń fún màlúù lóògùn náà. Tí màlúù bá kú, igún á jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n la àwọn ẹyẹ náà, nǹkan funfun bí ẹfun ló bo inú wọn. India fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn ní 2006.

Tèèyàn ò gbẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń lo Moduretic tó ń mú un tọ̀. Àwọn méjèèjì ti dín agbára tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú kíndìnrín kọjá kù. Kí bàbá wá fi diclofenac lé e, pàápàá lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe é, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oògùn yìí tún ń fa omi àti iyọ̀ dúró sára, ẹ̀jẹ̀ ríru á gbéra sókè, a ó wá máa sọ pé lisinopril ò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ò gùn. Ní 2013, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Yúróòpù kìlọ̀ pé kí ẹni tó ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ rí má lò ó. Ní 2015, ìlú Ọba dá oníkóró rẹ̀ dúró láti máa tà láìsí ìwé dókítà.

Àṣìlò tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa tiẹ̀ rọrùn láti yẹra fún. Cataflam, diclofenac náà ni. Iyọ̀ tí wọ́n fi ṣe é ló yàtọ̀, tó fi ń tètè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lo Cataflam láàárọ̀, tó tún lo diclo lálẹ́, oògùn kan náà ló lò nígbà méjì. Ibuprofen náà, ẹbí wọn ni. Bákan náà, kóró 100 tó ń tú díẹ̀díẹ̀, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì gé e, kó má baà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá jẹ́ orúnkún tàbí ọwọ́ nìkan ló ń dùn, èyí tí a ń fi pa ara wà. Nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún iye tí kóró ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ ni òun ń fi síbẹ̀, ìyókù kò kúrò nítòsí ibi tí ẹ fi pa. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ apòògùn kí ẹ tó bèèrè kóró, kí ẹ sì ka orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò nílé fún un.