Bí Ohùn Méjì Ṣe Ń Di Márùn-ún

Ẹni tó bá ra hóòmù tíátà sí pálọ̀ rẹ̀ ní Araromi-Obu yóò bá sípíkà márùn-ún àti wúfà kan nínú páálí: méjì fún ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan fún àárín, méjì fún ẹ̀yìn àga. Ṣùgbọ́n orin tó pọ̀ jù nínú èyí tí à ń gbọ́, ohùn méjì péré ló ní, ti ọ̀tún àti ti òsì, èyí tí à ń pè ní stereo. Báwo ni méjì ṣe ń kárí márùn-ún?

Ẹ̀rọ náà kì í dá ohùn tuntun sílẹ̀. Ó kàn ń fi ọ̀tún wé òsì ni. Ohun tó bá dọ́gba lápá méjèèjì, ó gbé e fún sípíkà àárín. Èyí tó jẹ́ pé bí awọ sípíkà ọ̀tún bá ń tì síwájú, ti òsì ń fà sẹ́yìn, ó kà á sí ìró àyíká, ó sì darí rẹ̀ sẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí ni ilé-iṣẹ́ Dolby fi ṣe Pro Logic ní 1987 àti Pro Logic II ní 2000. Dolby Surround tó wà lórí ẹ̀rọ òde òní àti Neural:X ti DTS, irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Fíìmù ló bá a mu jù, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sábà máa ń dọ́gba lápá méjèèjì. Ẹni tó jókòó síbi kọ̀rọ̀ pálọ̀ pàápàá yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé láti ẹnu òṣèré ló ti ń jáde. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá ń gbé ọ̀rọ̀ mì, ẹ má gbé gbogbo ohùn sókè. Ẹ lọ síbi ìwọ̀n sípíkà, kí ẹ fi dB 2 tàbí 3 kún ti àárín nìkan. Bó bá jẹ́ Stereo lẹ fi ẹ̀rọ sí, ìyẹn ò ní ṣiṣẹ́, nítorí Stereo kì í rán nǹkan kan sí àárín.

Ti orin yàtọ̀. Nínú jùjú tí wọ́n gbà ní stereo, gìtá àti ìlù máa ń tàn kálẹ̀ yí akọrin ká. Bí sípíkà àárín bá dá akọrin gbé, orin a fún pọ̀. Ẹ lo Stereo, tàbí kí ẹ tan Center Spread bí ẹ̀rọ yín bá ní in, kí ohùn àárín lè kan ọ̀tún àti òsì. All Channel Stereo ń gbé orin kan náà sí gbogbo sípíkà: ó dára fún ìkómọ tí èrò kún ilé, kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ fara balẹ̀ gbọ́rin.

Ẹ wá gbé àwo àpàlà Haruna Ishola ti àwọn ọdún 1950 sí i, kí Dolby Surround sì wà ní títàn láìsí Center Spread. Sípíkà àárín nìkan ni yóò máa kọrin; àwọn yòókù á dákẹ́. Ẹ má tíì pe atúnrédíòṣe. Mono ni àwo náà: ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ò fi nǹkan kan yàtọ̀, ẹ̀rọ ò sì rí ohun tí yóò pín.