Nígbà Tí Òṣùwọ̀n Bá Dúró: Ìlàlóye fún Àwọn Tó Wà Lórí Oúnjẹ Kálórì 800

Ẹ̀yin tí GP tàbí ilé ìwòsàn fi sórí oúnjẹ kálórì kékeré gan-an la kọ ìwé yìí fún, ìyẹn oúnjẹ tí gbogbo rẹ̀ lójúmọ́ kò ju kálórì 800 tàbí ohun díẹ̀ lé lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń gbé ní England ló bá a pàdé nínú ètò NHS fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì: ọ̀sẹ̀ 12 gbáko pẹ̀lú ṣéèkì àti ọbẹ̀ oníyẹ̀fun tí à ń fi omi gbígbóná pò, kò sí ẹ̀bà, kò sí ìrẹsì. BMI 27 ni wọ́n fi ń gba òyìnbó sínú ètò náà. 25 ni wọ́n fi ń gba ènìyàn dúdú, torí pé àìsàn yìí máa ń tètè mú wa nígbà tí ara wa kò tíì tóbi tó tiwọn.

Bó pẹ́ bó yá, òṣùwọ̀n á dúró. Ẹni tó ti ń rí kílò tó ń já bọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á gun orí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, á bá nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ tó kọjá níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà yẹn náà ni. Ọkàn á dàrú. Àwọn kan á ní ara àwọn ti mọ ọgbọ́n ètò náà, wọn á wá yọ ṣéèkì kan kúrò nínú èyí tí wọ́n ń mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Yíyọ yẹn léwu, kò sì ní tú òṣùwọ̀n sílẹ̀.

Ọ̀rá kò dúró

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nǹkan bíi kálórì 7,700 ló wà nínú kílò kan ọ̀rá ara. Ká ní ara màmá kan ń ná kálórì 1,800 lójúmọ́ láti mí, láti gun àtẹ̀gùn, láti mú ara gbóná, tí ohun tó sì ń gba ẹnu wọlé jẹ́ 800. Ẹgbẹ̀rún kan ló dín, ara gbọ́dọ̀ lọ wá a nínú ohun tó ti tò pamọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti di 21,000, èyí tó sún mọ́ kílò mẹ́ta. Lóòótọ́, bí owó oṣù bá dín, ilé a máa pa iná yàrá tí kò sẹ́ni níbẹ̀. Ara náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ á máa tutù, ẹsẹ̀ á máa wúwo, èèyàn á jókòó níbi tó ti máa ń dìde tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìnáwó tó dín kù kì í ṣe ìnáwó tó tán.

Ẹ̀rí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Láàárín 1944 sí 1945, Ancel Keys àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní University of Minnesota ní Amẹ́ríkà fi ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn sórí nǹkan bíi kálórì 1,570 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ara wọn dín ohun tó ń ná kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Òtútù ń mú wọn nígbà ooru, ọkàn wọn ń lù lọ́ra. Síbẹ̀, wọ́n ń rù lọ ni, títí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn fi lọ. Ohun tó kàn wá jù níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ wọn wú fún omi, omi náà sì bo díẹ̀ nínú ohun tó ti lọ mọ́lẹ̀ lójú òṣùwọ̀n.

Omi nìyẹn. Lítà kan rẹ̀ wọn kílò kan. Bí ara bá di lítà méjì mú nígbà tí kílò méjì ọ̀rá ń lọ, òṣùwọ̀n kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó kù díẹ̀ kó rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ bí bàtà ṣe máa ń fún mọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ju kúùbù Maggi méjì sínú omi gbígbóná kó lè rí nǹkan oníyọ̀ mu lálẹ́, iyọ̀ yẹn á di omi mú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, iṣan tó ń ro ó ń fa omi sínú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí ṣéèkì kò ní okun ewébẹ̀ nínú tó, ẹrù yẹn ṣì wà níkùn, òṣùwọ̀n sì ń kà á.

Ibi kan náà ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti tàn wá jẹ. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń gbé nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omi dání. Tí oúnjẹ bá ti já, ṣúgà yìí ló kọ́kọ́ ń lọ, ó sì ń kó omi rẹ̀ lọ. Kílò mẹ́ta lè lọ lọ́sẹ̀ yẹn kí ọ̀rá inú rẹ̀ má tó ìdajì. Ẹni tó bá wá fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ díwọ̀n ọ̀sẹ̀ karùn-ún á máa rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìdí kan náà ló fà á tí àwo jọ̀lọ́ọ̀fù kan ní òde àríyá Sátidé fi lè fi kílò kan ààbọ̀ kún òṣùwọ̀n láàárọ̀ Sọ́ńdè. Kì í ṣe ọ̀rá. Àwo ìrẹsì kan kò tó ohun tó lè di kílò ọ̀rá kan.

Ohun tí ẹnu tọ́ wò

Bí kì í bá ṣe omi, á jẹ́ pé kálórì 800 yẹn ti ju 800 lọ. Ó máa ń dun àwọn èèyàn tí a bá sọ ọ́, nítorí náà a fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní 1992, The New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní New York lórí àwọn tó ń sọ pé oúnjẹ àwọn kò tó kálórì 1,200 lójúmọ́ àti pé ìwọ̀n ara àwọn kò dín síbẹ̀. Wọ́n wọn ohun tí ara wọn ń ná, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Wọn kì í ṣe òpùrọ́. Èèyàn kì í ka ohun tí kò jókòó jẹ.

Ẹ wo bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa. Ìyàwó ilé mu ṣéèkì rẹ̀ tán, ó ku ọbẹ̀ àwọn ọmọ lórí iná. Ó fi ìgbakọ da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Iyọ̀ kù, ó fi sí i, ó tún lá a. Ó já ẹran kan wò bóyá ó ti rọ̀. Ọmọ fi dòdò mẹ́ta sílẹ̀ nínú àwo, kò fẹ́ dà á nù. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà, bíi gíráàmù 30, lé díẹ̀ ní 170. Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fi 300 kún 800 kí ó sì dá a lójú pé òun ò jẹun. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tọ́ ọbẹ̀ wò fún yín. Fún ọjọ́ méje, ẹ kọ gbogbo ohun tó bá kan ahọ́n sílẹ̀, títí kan èyí tẹ́ ẹ lá.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Ẹ gbé òṣùwọ̀n kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì. Òṣùwọ̀n tó bá rì sínú kápẹ́ẹ̀tì kì í sọ òótọ́. Ilẹ̀ kíṣìnì tàbí ti balùwẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, láàárọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tọ̀, kẹ́ ẹ tó mu ohunkóhun. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ikùn, láàárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ pátápátá àti orí egungun ìbàdí. Bí òṣùwọ̀n bá dúró ṣùgbọ́n tí téèpù ń dín, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí méjèèjì bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ mú ìwé ọjọ́ méje yẹn wá ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti yíyọ ṣéèkì: inú rẹ̀ ni purotéènì, fítámì àti iyọ̀ ara tí ọkàn fi ń lù wà. Ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1976, tí ìwé Robert Linn tó ń jẹ́ The Last Chance Diet jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu purotéènì olómi tí wọ́n ṣe láti ara awọ àti egungun màlúù, wọn ò sì jẹ nǹkan mìíràn. Purotéènì tó wà nínú pọ̀nmọ́ náà ni, kò sì tó fún ara. Àwọn tó kú lé ní 50, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣàdédé dúró. Ohun tí wọ́n kó sínú ṣéèkì ilé ìwòsàn lónìí, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àgbo jẹ̀dí, tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé, oògùn amúnitọ̀ ọkọ tàbí ti àbúrò, omi àti ìgbẹ́ nìkan ni gbogbo wọn ń lé jáde. Òṣùwọ̀n á lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á sì padà lọ́jọ́ kẹrin.

Ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bí òòyì bá ń kọ́ yín tẹ́ ẹ bá dìde, bí àyà bá ń lù láìdọ́gba, bí ìrora líle bá ń mú yín lábẹ́ ìhà ọ̀tún (dídín ara kù kíákíá a máa fa òkúta inú òrónro), tàbí bí ẹyin ojú bá di yẹ́lò. Bí ẹ bá dákú, ẹ pe 999. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín kò bá tó 4 mmol/L, ẹ kọ́kọ́ mu ohun dídùn, kẹ́ ẹ tó pè wá. Ẹ má fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ṣúgà dúró, ẹ má sì fúnra yín bẹ̀rẹ̀ èyí tí dókítà ti dá dúró. Aboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ sí lórí oúnjẹ yìí rárá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12

Nínú ìwádìí DiRECT tí Mike Lean àti Roy Taylor darí ní Scotland àti Tyneside, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi sórí irú oúnjẹ yìí ni ìtọ̀ ṣúgà wọn ti rọlẹ̀ láìlo oògùn lẹ́yìn ọdún kan. Láàárín àwọn tó sọ kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nù, 86 ni. Àpapọ̀ ohun tó lọ láàárín ọdún ló so èso yẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ṣe rí.

Bí oúnjẹ gidi bá ti ń padà díẹ̀díẹ̀, òṣùwọ̀n á gòkè díẹ̀. Ṣúgà àti omi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń padà sáyè wọn, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kẹ́ ẹ wá kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ pé òun ni ìbẹ̀rẹ̀ tuntun. Bí kílò 2 bá gun orí ìbẹ̀rẹ̀ tuntun náà tí kò sì lọ, ẹ má dúró de 10 kẹ́ ẹ tó pè wá. Ohun tí wọ́n ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú DiRECT ni pé wọ́n dá a padà sórí ṣéèkì fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, wọ́n sì tún fi oúnjẹ lé e lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.