Adìẹ Inú Máíkíróweefù

Obìnrin òṣìṣẹ́ kan láti Ìkẹjà gbé ọmọ 2 wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Wọ́n ń bì, wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Mo bi í ní ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná. Adìẹ ni. Ó wà nínú máíkíróweefù nígbà tí iná lọ. Wákàtí 3 kọjá kí iná tó dé, ìyá wọn sì kàn mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wọn.

Ẹ̀rọ yìí kì í mú oúnjẹ gbóná dọ́gba. Ara ẹran lè máa hó kí ìdí egungun ṣì tutù, kòkòrò Salmonella a sì yè níbẹ̀. Nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Àárín ẹran gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 74 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ẹ gé e kéékèèké, ẹ to ibi tí ó nípọn sí etí àwo, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ dé e (ọmọrí onírin kọ́ o!), kí ẹ sì máa yí i padà.

Bí iná bá lọ, ẹ má dúró dè é. Ẹ dà á sínú ìkòkò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e ka gáàsì tàbí sítóòfù. Èyí tí ó bá wà bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta adìẹ lọ́jà Agége. Èmi náà ń rà á.