Ẹni tó ń gbẹ́ àga fún ẹlòmíì, ilẹ̀ ló jókòó sí

Ẹ lọ sí ọgbà gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Kétu lówùúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Kí ẹ tó rí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kankan, ẹ̀yìn ni ẹ ó kọ́kọ́ rí: ẹ̀yìn tó tẹ̀ bí ọrun, orí tó sọ kọ́ sí àárín eékún méjèèjì. Ẹni náà jókòó sórí àpótí tí kò ga ju ìbú ọwọ́ lọ, nígbà mìíràn ilẹ̀ gan-an ni. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì di igi mú, ó ń fi ọwọ́ òsì yí i, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún sọ àáké kékeré sí i lára. Bó ṣe máa wà nìyẹn títí oòrùn á fi dé àtàrí.

Nígbà tó bá fẹ́ dìde, kì í dìde lẹ́ẹ̀kan. Á fi ọwọ́ ti ilẹ̀, á dúró díẹ̀ lágbedeméjì, á di ìbàdí mú. Tí ẹ bá bi í pé kí ló dé, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, yálà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́: iṣẹ́ ni. Ìdáhùn yẹn la fẹ́ bá jà lónìí. Iṣẹ́ kọ́. Àpótí ni.

Láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn, ohun rírọ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn. Tí èèyàn bá nà ró, ẹrù ara pín sórí rẹ̀ dọ́gba. Tó bá tẹ̀ síwájú, apá iwájú rẹ̀ ló ń fún pọ̀, iṣan ẹ̀yìn á sì máa fa ara padà kó má baà ṣubú. Ọrùn náà ní tirẹ̀, nítorí orí èèyàn wúwo tó bíi kílò 5. Fún wákàtí kan, kò sí wàhálà. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ fún ogún ọdún, ọ̀rọ̀ ti di mìíràn.

Ìmọ̀ tó ń wo bí a ṣe lè mú iṣẹ́ bá ara mu, dípò kí ara máa tẹ̀ bá iṣẹ́, ni àwọn Faransé ń pè ní ergonomie. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà nílé ẹ̀kọ́, a rò pé ọ̀rọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńlá Yúróòpù ni. Ṣùgbọ́n Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé, tí a mọ̀ sí BIT níbí, ti bá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ yẹn tẹ ìwé kan jáde ní 1996, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010: kókó 132, pẹ̀lú àwòrán, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba owó ńlá. Gbé iṣẹ́ sókè dé ibi ìgúnpá. Jẹ́ kí irinṣẹ́ tí o ń lò jù wà níbi tí ọwọ́ tó o láìna ara. Ẹni tó jókòó, kó rí nǹkan fi ẹ̀yìn tì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìyẹn kò kan iṣẹ́ àbáláyé, kó wo Ìráànì. Níbẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ hun kápẹ́ẹ̀tì lórí òfì tó dúró lóòró, bíi ti òfì àwọn ìyá wa. Alireza Choobineh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìlú Shiraz ṣèwádìí lórí àwọn ahun tó lé ní 1,400, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2007. Ìrora èjìká, ẹ̀yìn, ọrùn-ọwọ́ àti orúnkún gbilẹ̀ láàárín wọn. Ojútùú wọn kì í ṣe pé kí wọ́n lọ ra ẹ̀rọ. Wọ́n gbé ìjókòó ga, wọ́n jẹ́ kó dẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n sì gbé ibi tí ọwọ́ ti ń hun kọjá ìgúnpá ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ kíyè sí i: ìwé BIT ní ìgúnpá, ahun kápẹ́ẹ̀tì ní kó ga jù bẹ́ẹ̀, nítorí ojú gbọ́dọ̀ rí òwú. Àwọn ahun fúnra wọn ló jókòó dán an wò kí wọ́n tó mọ̀.

Àwa náà dán tiwa wò. A bẹ ìyá kan tó ń hunṣọ pé kí ọ̀kan nínú wa jókòó sídìí òfì rẹ̀ nígbà tó bá lọ ro ògì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ó dáa, ọmọ mi, máa bọ̀. Kí ògì tó jinná, èjìká ẹni wa ti ń jó bí iná. Nígbà tí ìyá padà dé, ó fa àpò kan yọ lábẹ́ òfì, àpò tó kún fún àkísà, ó sì kì í sáàárín ẹ̀yìn ọmọ náà àti ògiri. Ó ti pẹ́ tó ti ń lò ó. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Ní ti gbẹ́nàgbẹ́nà, ìṣòro kan wà tí àwọn tó ń sọ pé "ẹ sá ti jókòó sórí àga" kì í rò. Ẹsẹ̀ ló ń di igi mú. Tí o bá gbé ẹni náà sórí àga gíga, ta ni yóò bá a di igi? Ohun tó tọ́, lójú tiwa, ni kí a pín iṣẹ́ náà sí méjì. Bíbù igi, níbi tí àáké ti ń lọ lágbára, kí ó ṣe é ní ìdúró, lórí kùkùté tó ga dé ìbàdí, tí wọ́n gbẹ́ ihò sí láàárín tí wọ́n sì fi èèkàn igi há ère náà mọ́lẹ̀. Ojú, ilà àti irun ère, tí í ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ, kí ó ṣe é ní ìjókòó, lórí àpótí tó jẹ́ pé eékún kò ní ga ju ìbàdí lọ. Ẹsẹ̀ ṣì lè di igi mú lórí pẹpẹ kékeré kan. Kùkùté wà nílẹ̀, igi àjákù wà nílẹ̀. Aṣọ́ọ̀lẹ̀ tí yóò bo imú náà kò wọ́n, nítorí láti 1995 ni ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó ń fa àrùn náà.

Àwọn amọ̀kòkò ní tiwọn. Lọ́pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ìkòkò kì í yí. Ìyá tó ń mọ ọ́n ló ń bẹ̀rẹ̀ yí i po, tó ń rìn sẹ́yìn sẹ́yìn. Gbé ìkòkò náà lé orí ìtì igi tó ga, yóò máa rìn ní ìdúró. Alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Wọ́n ní kì í lu irin lójú kan láìnídìí, ṣùgbọ́n òun náà ni irin ń lù lójú kan, ní etí àti ní apá. Ariwo tó bá kọjá desibẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ń ba etí jẹ́, òwú lásán kò sì tó láti dí i.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ní 2008 ó wọ àkọsílẹ̀ wọn, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ère ni gbogbo ayé ń wò. Ọmọ ogún ọdún tó ń rí bàbá rẹ̀ ẹni àádọ́ta tó ń dìde bí arúgbó, zémìjàn ni yóò lọ wà, a ò sì lè dá a lẹ́bi. Ó kéré tán, ìjókòó alùpùpù ní tìmùtìmù.

Ní oṣù kẹfà 2022, àpérò Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé fi ibi iṣẹ́ tí kò léwu kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò náà, òṣìṣẹ́ ni. Ètò ARCH tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé kalẹ̀ ní apá fún adójútòfò ìlera, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó yíyá àti ìfẹ̀yìntì, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì wà lára àwọn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wà fún. A fẹ́ kí bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń gbé ẹrù àti bí a ṣe ń dáàbò bo ojú àti imú wọ inú ẹ̀kọ́ yẹn, ní èdè Yorùbá, kó má jẹ́ Faransé nìkan.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó dé, ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ yín. Àpótí ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá wọn jókòó sí, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò sì gùn tó ti àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kó dúró, kí ẹ wọn ilẹ̀ dé kòtò orúnkún rẹ̀, kí ẹ fi ẹfun fa ilà sára igi. Kí àpótí yẹn jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò gbẹ́.